Ìbọn Ọmọ Mi Nínú Àpò Mi

Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn ará àdúgbò wa ní Mushin ti ń bi mí bí Amẹ́ríkà ṣe rí. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé òtútù pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bàbá Wàsíù, ẹ ti gbádùn!" wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Irọ́ kọ́ ni mo pa nípa òtútù, àmọ́ òtútù kọ́ ni mo gbé wálé. Ohun tí mo gbé wálé ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò lè gbọ́ ohun tó burú, kó yáa wá nǹkan mìíràn kà.

Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mo fi ogójì ọdún ṣe. Ẹni tí iná ọkọ̀ rẹ̀ kò bá tàn ní Mushin, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Iṣẹ́ yìí ni mo fi rán Wàsíù, àkọ́bí mi, lọ sílé ìwé títí ó fi ré òkun kọjá. Nígbà tó pé ọdún mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún, ó pè mí pé òun ti rí ọmọbìnrin kan, Bùkọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó ní àwọn òbí rẹ̀ náà wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti sọ pé àwọn ò ní bá ọkùnrin tí kò ní ẹbí lẹ́yìn sọ̀rọ̀ ìyàwó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ló ń dá lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń lọ ra búrẹ́dì? Ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ lọ béèrè físà, èmi nìkan ni wọ́n fún.

Ìdìmọ́ni

Gbàrà tí Wàsíù rí mi ní pápákọ̀ òfuurufú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ dídán ibẹ̀. Àwọn òyìnbó dúró, wọ́n ń wò. Ọ̀kan tiẹ̀ sáré wá, ó rò pé ọmọ náà dákú. Mo rẹ́rìn-ín, mo fà á dìde, mo dì mọ́ ọn. Ibi tí mo ti ń gbá a lẹ́yìn ni ọwọ́ mi ti kan irin ní ìbàdí rẹ̀.

"Wàsíù, kí lèyí?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dénú mọ́tò ná."

"Ìbọn ni?"

"Ìbọn ni, sà. Ẹ má jáyà. Mo ní ìwé ẹ̀."

Ní Mushin, ẹni mẹ́ta ni mo mọ̀ tó ń gbé ìbọn: ọlọ́pàá, olè, àti ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Ọmọ mi kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹrù lòun ń gbé láti ilé dé ilé, wọ́n sì ti dá òun lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ní ìpínlẹ̀ tí òun ń gbé, ní apá gúúsù, ẹni tó bá ti gbàwé lè ki ìbọn bọ ìbàdí, kó fi ẹ̀wù bò ó, kó máa lọ ọjà, kò sẹ́ni tó máa bi í.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń tàn mí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, bí a ti ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ká sókè, mo sì rí ti òun náà. Ìyá arúgbó òyìnbó kan wà ní ilé kejì sí ti Wàsíù. Ó gbé àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi èso sè wá kí mi káàbọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyá ìkókó. Wàsíù sọ fún mi lẹ́yìn tó lọ pé ìyá yẹn kì í jáde láìsí ìbọn nínú báàgì rẹ̀. Kò wù mí láti jẹ àkàrà náà mọ́, àmọ́ ó dùn.

Èèyàn tí wọ́n ń ṣe dáadáa sí àlejò ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n á bi ẹ́ pé báwo ni, wọn ò sì ní dúró gbọ́ èsì. Adìẹ wọn tóbi bí tòlótòló, kò ládùn kankan. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Bàbá. Ọmọdé tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ wo ojú mi, ó ní, "Ráṣídì, báwo ni?" Ráṣídì! Orúkọ tí ìyàwó mi kò pè rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo dá a lóhùn. Bí èèyàn ṣe ń di kékeré nílẹ̀ àjèjì nìyẹn.

Òfin tó ń yí lójú ọ̀nà

Ọ̀nà ọjọ́ méjì ló wà láàárín wa àti ilé àwọn òbí Bùkọ́lá. Ní òwúrọ̀ tí a máa gbéra, Wàsíù mú mi jókòó.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìpínlẹ̀ kan wà táa máa gba àárín ẹ̀ kọjá, ìwé ìbọn mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"Ṣé ìlú mìíràn nìyẹn ni?"

"Rárá, sà. Amẹ́ríkà náà ni. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀."

"Ìyẹn ni pé tí mo bá gba láísẹ́ǹsì l'Ékòó, tí mo bá ti dé Ṣàgámù, ó di bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Mo ní kó fi ìbọn náà sílé. Ó ní òun àti àwọn méjì mìíràn ló jọ ń gbé ilé náà, òun ò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ó ní òfin fàyè gba ẹni tó bá kàn ń kọjá, tó bá ti tú ọta inú ìbọn kúrò, tó sì tì í mọ́ búùtù níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò ò ti lè tó o.

"Àmọ́ tí wọ́n bá bá a níwájú, ẹ̀wọ̀n ni, Bàbá. Mi ò sì tíì di ọmọ ìlú níbí. Káàdì tí wọ́n fi ń gbé ìlú ni mo ní. Tí mo bá ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìbọn, wọ́n á lé mi wálé lẹ́yìn ẹ̀, mi ò sì ní lè wọbí mọ́ láyé."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo tún un sọ fún un bí ọmọ ilé ìwé: nínú búùtù, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ ká wọ ìpínlẹ̀ náà ní ọjọ́ kejì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tú ọta kúrò, ó kó wọn sínú páálí kékeré, ó ki ìbọn náà bọ àpò dúdú kan, ó sì ti búùtù pa. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dùnkún àti ẹran

Kò pẹ́ tí a wọ ibẹ̀ ni ebi mú wa. Wàsíù ya ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní òun ń wọlé lọ wá àyè fún wa. Mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń bá mọ́tò ṣiṣẹ́, mi ò rin ọ̀nà jíjìn rí láìṣí búùtù wo sípíà táyà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i tí oníbàárà á fọwọ́ sọ̀yà pé òun ní sípíà, tó jẹ́ pé táyà tó ti bẹ́ ló ń gbé kiri. Wàsíù mọ ìwà mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó wọlé.

Táyà náà dára. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó le dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ pa búùtù dé, mo rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n fara ti ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Wọ́n ń wò mí. Bóyá aṣọ àdìrẹ tí mo wọ̀ ni wọ́n ń wò, Ọlọ́run ló mọ̀. Èmi rántí Mushin. Gbogbo búùtù tí olè ti fi sìkúdíráífà já, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá kí n tún wáyà tó já ṣe. Nílùú wa, ohun tó bá níye lórí kì í sùn sí búùtù, abẹ́ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ ló ń wà. Mo rò ó pé tí àwọn wọ̀nyí bá jí ìbọn yìí, tí wọ́n fi pààyàn, orúkọ ọmọ mi ló wà lára rẹ̀. Mo ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Mo mú àpò dúdú náà àti páálí ọta, mo kó wọn sínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká, níbi tí pásípọ́ọ̀tù àti tẹ̀súbáà mi wà, mo ti búùtù, mo wọlé lọ jẹun.

Ẹ gbọ́ o. Ọmọ tó ní ìwé, tó kọ́ òfin, gbé tirẹ̀ sí búùtù. Èmi tí mi ò ní ìwé kankan, tí mo jẹ́ àlejò, ni mo gbé ìbọn kọ́ èjìká wọ ilé oúnjẹ.

Obìnrin tó gbé oúnjẹ wá fún wa tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ó pè mí ní olólùfẹ́, ojú tì mí, Wàsíù rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo oníbàárà níbẹ̀ nìyẹn. Obìnrin náà bi mí pé ibo ni mo ti wá, ó gbọ́ Nàìjíríà, ó fọwọ́ lé èjìká mi, ó ní káàbọ̀. Èjìká tí àpò wà gan-an ni. Ó gbé ọ̀dùnkún gígún tí wọ́n da ọbẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ lé lórí wá, pẹ̀lú ẹran tí kò ní eegun. Ọjọ́ yẹn nìkan ni oúnjẹ wọn dùn mọ́ mi lẹ́nu. Wàsíù ń sọ nípa Bùkọ́lá, pé tí a bá parí ọ̀rọ̀ àwọn àna, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé tí ìyá rẹ̀ náà á lè wá gbé. Ayọ̀ wà lójú rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré.

Mo fẹ́ dá àpò náà padà. Mo bá Ọlọ́run sọ ọ́, mo fẹ́ dá a padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ti tanná sí mọ́tò kí n tó yí ká. Kí n tó lè kó nǹkan náà padà, àfi kí n sọ fún un pé, "Wàsíù, ohun tí o ní kí n má ṣe, mo ti ṣe é." Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Bàbá wo ló ń jẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran jẹ? Mo ní yóò dúró ra epo tó bá yá, màá dọ́gbọ́n dá a padà. Mo gbé àpò sáàárín ẹsẹ̀ mi. Ọ̀dùnkún ti wọ̀ mí lára, mo sùn lọ.

Iná ẹ̀yìn

Fèrè ọlọ́pàá ló jí mi. Ọ̀sán gangan ni. Wàsíù ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ìdarí ọkọ̀, ó ní kí n gbé tèmi náà sórí itan, kí n má mira. Ọlọ́pàá méjì ló wá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọn ò pariwo. Wọ́n kí wa ju bí ọlọ́pàá tiwa ṣe ń kí èèyàn lọ. Wọ́n ní iná bíréèkì ẹ̀yìn wa kan kò tàn.

Iná bíréèkì! Mo ṣí búùtù, mo wo táyà, mi ò wo iná. Èmi tí mo fi ogójì ọdún tún iná ẹlòmíràn ṣe.

Ọlọ́pàá náà bi Wàsíù bóyá ìbọn wà nínú ọkọ̀. Ó dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú búùtù, kò sí ọta nínú rẹ̀, ìwé òun nìyí. Ọlọ́pàá ní ìwé yìí kò wúlò níbí, àmọ́ tó bá jẹ́ inú búùtù ló wà lóòótọ́, kò sí wàhálà. Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀, kó ṣí i. Mo gbọ́ bí búùtù ṣe ṣí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú ẹrù wa, tí wọn ò rí nǹkan kan.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò pọ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé wọ́n ti ń pe ọmọ mi ní òpùrọ́. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Mo ní, "Wàsíù, ó wà lọ́dọ̀ mi níbí," mo sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpò náà hàn wọ́n.

"Bàbá! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ gbọ́wọ́ sókè!"

Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu ọmọ mi rí. Mo gbójú sókè, ẹnu ìbọn ọlọ́pàá kejì wà ní ọ̀gangan ojú mi. Ọmọdé ni. Ó ń sunkún díẹ̀, tàbí èmi ni mò ń sunkún. Mo gbọ́wọ́ sókè. Wàsíù ń sọ ohun kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì léraléra, èyí yé mi ketekete: Tèmi ni. Èmi ni mo fi sínú àpò bàbá mi. Kò mọ̀ nípa ẹ̀.

Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ọ̀dà títì, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí mi, ó bi mí pé ṣé òótọ́ ni ọmọ mi sọ.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ilé àwọn tí ìbá di àna wa

Bàbá Bùkọ́lá ló wa ọkọ̀ wákàtí méjì wá gbé mi ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọlúàbí èèyàn ni. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà," bí ẹni pé ayẹyẹ ni mo bá wá. Ìyàwó rẹ̀ se ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò tíì rí oúnjẹ ilé jẹ tó bẹ́ẹ̀, mo sì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bùkọ́lá kò jáde nínú yàrá. Ní ọjọ́ kẹta ni bàbá rẹ̀ jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ táa tìtorí ẹ̀ pe ara wa yìí, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná." Mo ní kò burú. Àgbà tó bá gbọ́ irú èyí, ó ti mọ̀ pé wọ́n ti kọ̀ ọ́.

Wọ́n mú mi lọ rí Wàsíù ní àtìmọ́lé. Gíláàsì ló wà láàárín wa, a sì ń fi fóònù sọ̀rọ̀, èmi àti ọmọ tí ìmí ara wa ìbá máa kanra. Ó ti rù. Mo ní màá sọ fún adájọ́ pé èmi ni mo gbé e kúrò ní búùtù.

"Bàbá, ẹ má sọ nǹkan kan. Mo ti bi lọ́yà. Ó ní tí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n lè máà gbà yín gbọ́. Tí wọ́n bá sì gbà yín gbọ́, ẹ̀yin náà á wọ̀ ọ́. Ìbọn tèmi ni, àpò tiyín ni."

"Wọ́n *lè* máà gbà mí gbọ́ ni. Kò sọ pé wọn ò ní gbà mí gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ta ló máa dúró ti màmá mi? Ẹ máa lọ sílé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibi tí mo ń sá fún láti òkè wá ni mo dé yìí. Nígbà tó ní kí n máa lọ sílé, mo sunkún, mo gbórí lé gíláàsì, mo ní mi ò lọ. Ṣùgbọ́n nínú ikùn mi lọ́hùn-ún, ara tù mí. Inú mi dùn pé wọn ò ní tì mí mọ́lé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí mo ṣe máa di ẹrù mi.

Mushin

Wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Wàsíù gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Tó bá parí rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á dá a padà síbi tó ti lọ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ìyá rẹ̀ bi mí ní ọjọ́ tí mo dé. Ó ní, "Ṣebí ẹ ní ó mọ òfin? Kí ló wá dé tó fi gbé e síwájú?" Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ ò gbọ́ràn." Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde nìyẹn, ó sì ti di ohun tí gbogbo ẹbí ń sọ. Ìyá Wàsíù kì í ka ìwé. Ẹni tó bá ka èyí, kó lọ kà á sí i létí, nítorí mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnu mi kò gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbà kí ó pè wá. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Ó ní ṣé báyìí lòun ṣe tọ́ ọ, ṣé bàbá rẹ̀ kò kìlọ̀ fún un ni, ó fẹ́ pa bàbá rẹ̀ mọ́ ojú títì nílẹ̀ onílẹ̀. Ó bá a wí títí tó fi bú sẹ́kún. Mo jókòó síwájú àwo ẹ̀bà mi, mo ń gbọ́ ohùn ọmọ mi láti inú fóònù. Ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, mọ́mì. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò gbọ́ràn."

Ìyá rẹ̀ na fóònù sí mi. Mo gbé e sétí.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun.